Yàrá Amọ̀ àti Orúkọ Bàbá Mi

Títí di ọdún tí òjò wó yàrá amọ̀ wa, mi ò gbọ́ ọ rí kí màmá mi pe bàbá mi lórúkọ. "Bàbá wọn" ni wọ́n máa ń pè wọ́n. Bí inú bá ń bí wọn, ó di "Alhaji," wọ́n á sì fa ìparí rẹ̀ gùn bí ẹni ń fa rọ́bà. Bí wọ́n bá ń wá nǹkan, "Olówó orí mi" ló máa ń jáde. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n sọ bàbá mi ní Ìlọrin lọ́jọ́ tí wọ́n kó wọn jáde, kò kan ẹnu ìyàwó. Bí a ṣe ń ṣe é nílé Yorùbá nìyẹn. Àwọn obìnrin Hausa tó yí wa ká náà kì í dárúkọ ọkọ wọn, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà bá ilé mu, ó bá ìgboro mu.

Ọ̀nà Wusasa ni ilé wa wà, ní Zaria. Wusasa yìí náà ni wọ́n bí Màmá sí, nígbà tí bàbá tiwọn tó wá láti Èkìtì ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù àwọn míṣọ́nnárì. Hausa wọn dán ju Yorùbá wọn lọ, àmọ́ ẹ má sọ pé èmi ni mo wí i. Bàbá ní tiwọn wá láti Ìlọrin, wọ́n rí iṣẹ́ sí láàbù kan ní yunifásítì, wọ́n sì rí ọmọge kan tó ń ta irú ládùúgbò PZ. Wọ́n ra irú, wọ́n ra irú, títí irú fi pọ̀ ju èyí tí àpọ́n lè fi se ọbẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n ń wá gan-an, ẹbí méjèèjì bínú, wọ́n sì rọ̀ nígbà tó yá. Bàbá ń lọ mọ́sáláṣí, Màmá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwa ọmọ sì ń jẹ ẹran ọdún méjèèjì láìbi ẹnikẹ́ni.

Yàrá amọ̀ náà ti wà lórí ilẹ̀ kí Bàbá tó rà á. Ẹni tó ni ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló mọ ọ́n sí igun, ògiri rẹ̀ sì nípọn tó fi jẹ́ pé ọmọdé lè jókòó sínú fèrèsé rẹ̀ kó na ẹsẹ̀. Igi ọ̀pẹ líle tí ikán kì í jẹ ni wọ́n tò sókè rẹ̀, wọ́n da amọ̀ lé e lórí. Bàbá kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù síwájú, wọ́n kan páànù lé e, gbogbo wa sì kó wọnú búlọ́ọ̀kù bí ọmọ ọ̀làjú. Yàrá amọ̀ di ibi tí Màmá ń kó àpò wóró irú àti ìkòkò wọn sí. "Ihò èkúté" ni wọ́n ń pè é. Bí àwọn ẹbí wọn bá ń bọ̀ láti Èkìtì, Màmá á fọ aṣọ tó mọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n á sá a sí iwájú yàrá náà kí àlejò má baà rí i.

Bàbá kì í fi wọ́n sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. "Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ yín ní Wusasa, kí ni wọ́n fi kọ́ ọ?"

"Alhaji, ẹ jẹ́ n gbọ́ràn."

"Amọ̀ ni. Ìwọ fúnra rẹ lo máa ń sọ pé inú rẹ̀ ń tutù nini. Ó wá jẹ́ pé amọ̀ dára fún Ọlọ́run, kò dára fún ọkọ rẹ."

Màmá á pòṣé, wọ́n á bá irú wọn lọ. Ẹ̀fẹ̀ lásán ni nígbà yẹn, nítorí kò sẹ́ni tó nílò yàrá náà.

Zaria tí mo dàgbà sí, ooru wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Láti oṣù kẹta títí òjò fi máa dé, oòrùn a máa mú. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ á ti kọ́kọ́ fi otútù nà wá débi pé à ń retí oòrùn náà, tílẹ̀ bá sì ṣú, afẹ́fẹ́ á fẹ́, a ó rí oorun sùn. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nǹkan yí padà. Ọyẹ́ wá dà bí àlejò tí kò fẹ́ jẹun: ó yọjú, ó kí wa, ó lọ. Ooru ò wá dúró de ilẹ̀ mímọ́ mọ́. Àdúgbò Dakace ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, abẹ́ páànù tí kò ní àjà. Tó bá di ọ̀sán, àwọn ọmọ kíláàsì mi á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ilẹ̀ sìmẹ́ńtì láti gba ìwọ̀nba tútù tó wà níbẹ̀, èmi náà á sì máa ṣe bí ẹni pé mi ò rí wọn. Omi dídì tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá di ohun tí à ń tò fún bí ẹni ń tò fún epo.

Bàbá ló máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wa, nítorí etí wọn ti gbọ́ ọ púpọ̀ láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì. Wọ́n ní èéfín tí ayé ń dá, láti inú ọkọ̀ àti ilé iṣẹ́ ńláńlá ìlú òkèèrè, ti bo ojú ọ̀run bíi bùláńkẹ́ẹ̀tì, ooru tó yẹ kó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ sì ń padà sí wa lára. Wọ́n ní ooru yẹn kan náà ló ń jẹ́ kí ojú ọ̀run fa omi mu ju bó ṣe yẹ lọ, tó bá wá fẹ́ dà á sílẹ̀, á dà á lẹ́ẹ̀kan náà.

Màmá dá abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ wọn dúró. "Àwọn tó ń dá èéfín yẹn, ṣé àwọn náà ń làágùn báyìí?"

"Wọ́n ní ẹ̀rọ amúlétutù."

"Ẹ ò rí i? Ẹni tó dáná kọ́ ló ń jóná."

Ọdún kan wà tí ààwẹ̀ Rámádáànù bọ́ sí àárín ooru yẹn gẹ́lẹ́. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti ń bá wọn jà. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má gbààwẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń kírun Àìlà nínú pálọ̀, wọ́n forí kanlẹ̀, wọn ò sì gbé e. Màmá kọ́kọ́ rò pé àdúrà ló wọ̀ wọ́n lára. Ìgbà tó pẹ́ jù ni wọ́n fọwọ́ kàn wọ́n, ara Bàbá gbóná bí ìkòkò orí iná. Kẹ̀kẹ́ nápẹ̀pù la fi gbé wọn dé ọsibítù, Màmá ń da omi sí wọn lórí jálẹ̀ ọ̀nà, awakọ̀ náà sì ń pariwo "Ya Allah, Ya Allah" bí ẹni pé bàbá tiẹ̀ ló gbé sẹ́yìn.

Dókítà tó tọ́jú wọn, ọmọbìnrin Yorùbá kan, kò fọ̀rọ̀ pamọ́. "Bàbá, ẹ má bínú. Oògùn tí mo máa fún yín ò tó. Ọkàn yín ò lè gbé ooru báyìí mọ́. Ẹ wá ibi tó tutù máa gbé, torí bí ooru bá tún mú yín báyìí, ó lè pa yín."

A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì gbé Bàbá padà sábẹ́ páànù. Níbo ni ká gbé wọn lọ? Iná mànàmáná tí ó ń wá nígbà tó bá wù ú, fáànù tó ń fẹ́ ooru síni lójú. Mo rántí pé mo dúró nínú pálọ̀ náà, inú bí mi sí gbogbo ayé, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè bá jà.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá pòórá. A wá inú ilé, a wá mọ́sáláṣí, ẹnìkan ò rí wọn. Màmá ló lọ ṣílẹ̀kùn yàrá amọ̀ láti mú wóró irú, tí wọ́n rí ẹsẹ̀ méjì. Wọ́n figbe ta, mo sáré dé. Bàbá ló nà gbalaja lórí àpò irú, ẹnu yíyà, wọ́n ń han-anrun. Mo fọwọ́ kan ọrùn wọn. Ó tutù. Ó ti pẹ́ tí mo ti fọwọ́ kan bàbá mi tí ọwọ́ mi ò lómi òógùn. Ibẹ̀ náà ni mo ti wá mọ̀ ọ́n lára pé inú yàrá yẹn yàtọ̀, bíi pé ooru dé ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà, ó gbàgbé láti wọlé.

Mo rò pé Màmá á bínú nítorí àpò wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbóòórùn Bàbá. "Gbogbo ara yín ló ń rùn fún irú."

Bàbá la ojú kan. "Irú tí mo torí rẹ̀ fẹ́ ọ."

Bí Bàbá ṣe kó sí ihò èkúté nìyẹn. Màmá kó àpò wọn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbá yàrá náà, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì kékeré sí i. Kò pẹ́ tí mo fi rí ìrọ̀rí kejì lórí bẹ́ẹ̀dì náà, mi ò sì bi wọ́n léèrè. Ooru ọdún yẹn lọ, kò rí Bàbá mú. Látìgbà yẹn, gbogbo wa mọ̀ pé ẹ̀mí Bàbá wà lọ́wọ́ yàrá náà: bí ó bá dúró, Bàbá á la ooru tó ń bọ̀ já.

Àmọ́ ohun tó ń lé ooru lọ ní Zaria, òjò ni, òjò sì ni ọ̀tá amọ̀. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, àwọn tó nílé amọ̀ a máa pe magini, ìyẹn mọlémọlé wọn, láti tún ògiri rẹ́. Èèpo irú ni wọ́n máa ń rẹ sómi, èyí tí wóró irú ń wà nínú rẹ̀ lórí igi. Omi rẹ̀ á pọ́n, á ki, wọ́n á fi po amọ̀ àti koríko gbígbẹ. Makuba ni wọ́n ń pe omi náà, ògiri tó bá mu ún kì í tètè gbà fún òjò. Yàrá tiwa ò tíì rí makuba láti ọdún gbọ́nhan, nítorí ta ló ń náwó lórí ihò èkúté? Òjò ọdún yẹn pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó dé, ìjì ló fi ṣaájú, ó ṣí páànù ilé kan ládùúgbò wa, ó gbé e kọ́ orí igi máńgòrò wa. Òjò náà ò rọ̀ bí òjò tí mo mọ̀. Ó dà. Kí ó tó dá, ẹsẹ̀ ògiri yàrá amọ̀ ti bó bí àpá iná.

Bàbá ní àwọn á pe magini àtijọ́ tó ń gbé lẹ́yìn wa, kó wá rẹ́ ẹ. Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an ni ìpè wọlé láti Ìlọrin pé àbúrò wọn ti kú. Wọ́n lọ síbi òkú.

Màmá rí àyè. Wọ́n ní kí Bàbá tó dé, àwọn á ṣe ohun tó máa yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní ọkọ àwọn ò ní máa sùn nínú òkìtì ọ̀gán tí òjò ń bó. Wọ́n pe bíríkìlà, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ yàrá náà nínú lóde, ó ń dán. Àwa ọmọ dáwó, èmi ni mo mú àwọ̀ ọ̀dà, àwọ̀ ojú ọ̀run. Kò sẹ́ni tó bi ẹnìkejì bóyá sìmẹ́ńtì àti amọ̀ lè bára gbé. Àwa tí a ti pẹ́ nínú búlọ́ọ̀kù, a gbà pé kò sí àìsàn tí sìmẹ́ńtì ò lè wò. Ìyá Hausa tó múlé tì wá wọlé wá wò ó, ó pàtẹ́wọ́, ó ní "Madalla, Mama!" Nígbà tí àwọn ará Èkìtì pè lórí fóònù, Màmá ní kí ọmọ mi ya yàrá náà ní fọ́tò ránṣẹ́ sí wọn. Obìnrin tó ń fi aṣọ bo ilé mọ́lẹ̀!

Bàbá dé. Wọ́n yí yàrá náà po. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, wọ́n fi ìka kàn án, ó dáhùn kó, kó, kó. Màmá dúró sẹ́yìn wọn, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn bí ìyàwó tuntun tí ìyá ọkọ ń tọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ wò. Bàbá yíjú, wọ́n rí ojú yẹn.

"Ìyáa wọn," wọ́n ní, "o ṣé gan-an. Ọba ni mí."

Nígbà tí mo ń sin wọ́n lọ sí mọ́sáláṣí fún ìrun Alásárì ni wọ́n tó sọ ọ́. "Amọ̀ máa ń mí. Sìmẹ́ńtì kì í mí. Bí omi bá gba ìsàlẹ̀ wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde." Wọ́n yẹra fún kòtò omi kan. "Bóyá wọ́n á bára gbé ṣá."

"Ẹ ò wá sọ fún Màmá?"

"Ṣé o rí ojú ìyá rẹ?"

Mo rí i. Èmi náà ò lè sọ ọ́.

Oṣù kẹjọ ní Zaria, òjò ló ni ín. Èyí tó rọ̀ lọ́dún yẹn kì í ṣe ohun tí àwa mọ̀. Ó rọ̀ di ọjọ́ kejì, ó gbé omi mì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ wa gba ojú títì. Ohun tí mo rántí jù ni ìró ògiri tó ń wó. Kò le. Gbì, bí ẹni sọ àpò gàrí kalẹ̀. Gbogbo àdúgbò á dákẹ́, wọ́n á máa tẹ́tí bóyá igbe ló máa tẹ̀ lé e. Àwọn tí ilé wọn wó ń sùn nínú kíláàsì iléèwé kan, Màmá àti ìyá Hausa wa jọ ń dín kósáì tó jẹ́ àkàrà, wọ́n ń po kókó tó jẹ́ ẹ̀kọ mímu fún wọn láràárọ̀. Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa: yàrá magini fúnra rẹ̀ wó lulẹ̀, ọkùnrin tó ti fi makuba gba gbogbo ilé là.

Yàrá tiwa dúró, ó ń dán nínú òjò. "Ṣé ẹ ti rí sìmẹ́ńtì?" Màmá máa ń wí bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ti ń kọjá, wọ́n á sì rọra lu ògiri náà bí ẹni lu ọmọ rẹ̀ léjìká.

Èmi rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dúdú. Inú yàrá ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká ní tútù. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo fi han Bàbá. Wọ́n ní, "Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́," wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n padà sínú ilé búlọ́ọ̀kù, òjò ti lé ooru lọ, kí ni wọ́n tún ń ṣe níbẹ̀? Wọ́n ní, "Bí mo bá kó jáde, ìyá rẹ á bi mí ìdí rẹ̀." Bàbá mi nìyẹn o. Wọ́n á sùn sábẹ́ ògiri tó ń rà ju kí wọ́n ba inú ìyàwó wọn jẹ́ lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Èmi àti Màmá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìdáná, à ń ṣa irú. Bàbá wà nínú yàrá wọn, wọ́n ti ní bóyá àwọn ò ní lè lọ kírun nínú òjò báyìí. A gbọ́ ọ: gbì. Mo rò pé ilé ẹlòmíràn ni. Màmá dìde, irú dà nù lẹ́sẹ̀ wọn.

Ògiri iwájú ṣì dúró, àwọ̀ ojú ọ̀run rẹ̀ ò tiẹ̀ yingin. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wo inú fèrèsé, ojú ọ̀run gidi la rí. Ògiri ẹ̀yìn ti yọ̀ wọ inú, ó fa àjà, igi ọ̀pẹ àti amọ̀ òkè lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Sìmẹ́ńtì tó kù dúró lórí asán, bí agbádá tí wọ́n fi kọ́ láìsí èèyàn nínú rẹ̀.

"Bàbá wọn!" Màmá ti wà lórí òkìtì náà. "Bàbá wọn! Bàbá wọn o!" Wọ́n ń fi ọwọ́ lásán gbẹ́ amọ̀, wọ́n ń fi igi tó wúwo jù wọ́n lọ sápá kan. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́, mi ò rí ọ̀nà, omijé àti òjò ti dí mi lójú. Ìyá Hausa wa gba ẹ̀yìn wọlé, àwọn ọkùnrin tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọkọ́. Kò sẹ́ni tó dá Màmá lóhùn lábẹ́ amọ̀ yẹn.

Nígbà náà ni wọ́n pe orúkọ. Mi ò ní kọ ọ́ síhìn-ín, kì í ṣe tèmi. Wọ́n pe orúkọ tí wọ́n sọ bàbá mi ní Ìlọrin, wọ́n fi oríkì tì í lẹ́yìn, bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ sọnù lọ́jà. Wọ́n pè é, wọ́n tún un pè, gbogbo àdúgbò gbọ́. Mi ò mọ̀ pé wọ́n mọ oríkì náà. Ẹnu wọn mọ́ ọn lára bí ohun tí wọ́n ti ń pè nínú ọkàn wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń ta irú.

"Ta ló ń pè mí?"

Ẹnu géètì ni ohùn náà ti wá. Bàbá ló dúró síbẹ̀, wọ́n ká ṣòkòtò dé orúnkún, ìjì ti yí agboòrùn wọn sódì. Wọ́n ti pinnu láti lọ mọ́sáláṣí lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n gba iwájú ilé jáde kí Màmá má baà dá wọn dúró nítorí òjò. "Ta ló ń pè mí bẹ́ẹ̀? Ṣé ìyá mi jí ni?"

Màmá wò wọ́n. Wọn ò sáré lọ dì mọ́ wọn. Wọ́n jókòó pẹ̀tẹ̀ sínú amọ̀, wọ́n ní, "Ẹ ò rí i bí òjò ṣe pa yín," wọ́n sì bú sẹ́kún. Ìyá Hausa wa fi ọwọ́ bo ẹnu. "Haba Mama! Kin kira sunansa!" Ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀ jáde pé Màmá dárúkọ ọkọ wọn lójú gbogbo ayé, àwọn ọkùnrin tó ní ọkọ́ lọ́wọ́ bá a rín, èmi náà rín, mo sì ń sunkún lọ. Bàbá wo bẹ́ẹ̀dì wọn lábẹ́ òkìtì náà. "Ẹni òjò pa tí Ṣàngó ò pa, kó máa dúpẹ́," wọ́n ní, wọ́n sì yára fi "Astagfirullah" tì í.

Nígbà tí ara gbogbo wa balẹ̀, tí wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ, Màmá gbé tíì síwájú Bàbá, wọ́n sì jókòó.

"Ẹ mọ̀," ni Màmá wí.

"Mo fura."

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sọ."

"Inú rẹ ń dùn."

"Ṣé orí òkú yín ni inú mi ì bá ti máa dùn?" Ohùn wọn ò lọ sókè rárá. "Láti òní lọ, ẹ máa sọ ọ́, kí inú mi bàjẹ́. Inú tó bàjẹ́ máa ń san."

Bàbá fa ife náà mọ́ra. Wọ́n mu tíì náà tán, wọn ò sì fẹ́ràn tíì.

Òjò kásẹ̀ nílẹ̀, ọyẹ́ kúkúrú dé, gbogbo wa sì mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi pè láti Kaduna àti Èkó, wọ́n ní ká ra ẹ̀rọ amúlétutù. Iná dà? Wọ́n ní ká ra jẹnẹrétọ̀. Owó epo dà? Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n ró aṣọ, wọ́n lọ sí ilé magini fúnra wọn pé kó wá tún yàrá amọ̀ náà mọ. Ọkùnrin náà ń tún yàrá tiẹ̀ mọ lọ́wọ́. Kò fi ẹnu yọ pé òun mọ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó ní, "Ruwan yanzu ba irin na da ba ne," òjò ìsinsìnyí kì í ṣe irú ti àtijọ́, òun náà ṣì ń kọ́ ọ ni. Òun, Bàbá àti Màmá jọ rò ó. Wọ́n gbé ìpìlẹ̀ òkúta sókè, wọ́n na páànù gùn jáde lórí òrùlé kí omi má baà kan ògiri, wọ́n gbẹ́ gọ́tà yí i ká.

Makuba wá di iṣẹ́ Màmá. Tẹ́lẹ̀, wóró irú tí wọ́n ti yọ lára èèpo ni wọ́n máa ń rà, kí iṣẹ́ lè yá. Ní báyìí, odidi ni wọ́n ń rà á lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń ká a, wọ́n á yọ wóró fún irú, wọ́n á kó èèpo pamọ́ fún ògiri. Ìkòkò tó ga jù tí wọ́n fi ń se irú, tí wọn kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn, òun ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Mo bá wọn níjọ́ kan tí wọ́n ká aṣọ, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gún amọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ magini, wọ́n ń fi Hausa bú wọn pé ẹsẹ̀ wọn ò lágbára. Ọwọ́ wọn pọ́n dé ìgbọ̀nwọ́. Nígbà tí àwọn ará Èkìtì wá, Màmá ò sá aṣọ kankan. Wọ́n mú wọn wọnú yàrá náà, wọ́n ní kí wọ́n fọwọ́ kan ògiri.

Ooru ọdún tó tẹ̀ lé e ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó mú àwọn àgbàlagbà kan lọ ládùúgbò wa, ọ̀kan nínú wọn máa ń tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá ní mọ́sáláṣí. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ bí iléèwé bá ti jáde, mi ò ní jẹ́wọ́ pé ẹ̀rù ń bà mí, mo máa ń ní irú ni mo wá gbà. Àtẹ́lẹwọ́ mi á kọ́kọ́ lọ sí ọrùn Bàbá. Ó máa ń tutù.

Lọ́jọ́ kan ní ìparí oṣù kẹrin, mo bá Màmá lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, wọ́n ń fọ́ èèpo irú. Bàbá nà sínú, a ò rí wọn dáadáa nínú òkùnkùn tútù yẹn. Ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, òjò tí kò tó àkókò. Màmá gbé igbá sílẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n ń yí yàrá náà po bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbàkígbà tí kùrukùru bá ti gbá jọ, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri níbí àti lọ́hùn-ún.

Ohùn Bàbá jáde láti inú. "Ìyáa wọn. Pè mí bí o ṣe pè mí lọ́jọ́ ọjọ́sí."

"Rárá o."

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dùn mọ́ mi."

Màmá ò gbé ọwọ́ wọn kúrò lára ògiri. "Mo ti mọ orúkọ náà mọ́ inú ògiri yìí," wọ́n ní. "Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí. Màmá padà sídìí èèpo irú wọn, wọ́n ní kí n jókòó kí n bá wọn fọ́ ọ, nítorí òjò ti fẹ́ dé.